Ta Ló Ni Orúkọ Tí Aṣọ Ń Jẹ́?

Ní ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́, mo dúró ní ìsọ̀ ìyá àgbà kan tó ń ta aṣọ, mo ní kí wọ́n bá mi wá Six Bougies. Wọn kò béèrè irú aṣọ tí mò ń sọ. Wọ́n fa ìdì méjì yọ nínú àwọn tó wà lẹ́yìn wọn, wọ́n tẹ́ wọn síwájú mi. Àwòrán kan náà ló wà lára méjèèjì: bougie mẹ́fà, irú èyí tí mẹkáníìkì máa ń yọ kúrò lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ọ̀kan ní ìkọ̀wé Vlisco létí rẹ̀, ilẹ̀ Họ́láńdì ló ti wá. Èkejì ti Ṣáínà wá, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá mẹ́ta owó ti àkọ́kọ́. Mo ní, “Ìyá, èwo ni Six Bougies gan-an nínú àwọn méjèèjì?” Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò tí kò gbọ́ èdè ìlú. “Àwọn méjèèjì ni, ọmọ mi. Ọ̀kan wọ́n, ọ̀kan ò wọ́n.”

Èsì yìí ló ń rìn lọ́kàn mi ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń ka ìwé Nina Sylvanus tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Patterns in Circulation, èyí tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Chicago gbé jáde ní ọdún 2016. Onímọ̀ nípa àṣà àti ìgbé-ayé ẹ̀dá ni òǹkọ̀wé náà. Lomé ni ó fi ṣe ibùdó ìwádìí rẹ̀, ní Assigamé, ọjà ńlá ìlú náà. Aṣọ tí àwọn ará Lomé àti Kútọnu ń pè ní wax tàbí pagne, tí àwọn èèyàn wa ní ìhà Nàìjíríà ń pè ní àǹkárá, ni ó sì tẹ̀ lé láti ọwọ́ dé ọwọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sì ni, tí ẹyọ gbólóhùn kan lè gba ìmí méjì lọ́wọ́ òǹkàwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ kà á yóò ní láti mú sùúrù dání. Mo gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n mú un dání, nítorí èrè wà níbẹ̀.

Èrè àkọ́kọ́ ni pé ìwé náà kò fi aṣọ ṣe àwòrán lásán. Aṣọ ní ìwúwo, ó ní òórùn, ó ní ìró tó ń ké nígbà tí a bá gbọ̀n ọ́n. Ìyálọ́jà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sí etí aṣọ. Yóò fi ìka ra á, yóò yí i padà láti wò bóyá àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti iwájú dọ́gba, yóò sì wá àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí ìda máa ń fi sílẹ̀ nígbà tó bá sán lára aṣọ nínú aró. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ nìyẹn, kò sí nínú ìwé òfin kankan. Sylvanus mọ bí a ṣe ń kọ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìsọ ẹni tó ni ín di ẹni ìtàn àtijọ́.

Ìlà wẹ́wẹ́ yẹn gan-an ló ń sọ ibi tí aṣọ náà ti wá. Ní erékùṣù Jáfà, tó jẹ́ apá kan Indonésíà lónìí, ni wọ́n ti ń fi ìda gbígbóná yàwòrán sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró, bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi ẹ̀kọ ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Nígbà tí àwọn ará Họ́láńdì ń ṣàkóso ibẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ nílé láti fara wé iṣẹ́ ọwọ́ yìí, kí wọ́n lè tà á fún àwọn ará Jáfà fúnra wọn. Ẹ̀rọ kò lè ṣe é kó mọ́ bí ọwọ́ ṣe ń ṣe é; ìda ń sán, aró ń yọ́ wọlé, ọjà Jáfà kò sì gba àfarawé náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ọdún 1846 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Vlisco sílẹ̀ ní ìlú Helmond. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, oníṣòwò ará Scotland kan, Ebenezer Brown Fleming, ti ń kó irú aṣọ yìí láti Họ́láńdì lọ sí Gold Coast, tó jẹ́ Gánà òde òní. Àwọn obìnrin etíkun wa ló sọ àléébù ẹ̀rọ náà di ẹwà.

Ẹ bá mi dúró díẹ̀ níbí. Aṣọ tí wọ́n ń pè ní ojúlówó lónìí, àfarawé ni nígbà tí wọ́n bí i. Kò sí òfin kan nígbà náà tó ní kí ẹnikẹ́ni san nǹkan kan fún ará Jáfà. Ní ọdún 2009, UNESCO kọ batik Indonésíà sínú ìwé àwọn àjogúnbá aráyé, bí ó ti kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa síbẹ̀ ní 2008. Ẹ̀yẹ ni ìyẹn, kì í ṣe ohun-ìní: ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ kò lè tìtorí rẹ̀ pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Yinka Shonibare, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London ní 1962 tó sì dàgbà ní Èkó, ti fi ìtàn àfarawé yìí ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń fi aṣọ àwọn ọlọ́lá Yúróòpù àtijọ́ wọ àwọn ère tí kò ní orí, àǹkárá ni ó sì fi ń rán aṣọ náà, èyí tó ń rà ní ọjà Brixton ní London. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ sì mú bí abẹ. Síbẹ̀, ibi tí aṣọ ti wá nìkan ló ń tọ́ka sí. Lójú rẹ̀, ìtàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí aṣọ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Lójú ìyá tó wà ní Ouando, ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ìwé Sylvanus fi ju iṣẹ́ Shonibare lọ nìyí, nítorí àwọn tó gba aṣọ náà lọ́wọ́ ọkọ̀ ni ó fi ṣe olú-ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Àwọn Nana Benz ni mò ń wí, àwọn obìnrin Lomé tó fi wax kọ́ ilé, tí wọ́n fi rán ọmọ lọ sí yunifásítì lókè òkun, tí wọ́n sì fi ra ọkọ̀ Mercedes tí orúkọ wọn fi kún fún un. Ìjọba fúnra rẹ̀ a máa yá ọkọ̀ wọn nígbà tí àlejò ńlá bá wọ̀lú. Agbára wọn kò wá láti inú owó nìkan. Àwọn ilé iṣẹ́ Yúróòpù fún obìnrin kọ̀ọ̀kan nínú wọn ní àwòrán tirẹ̀: bí àwòrán kan bá ti jẹ́ ti Nana kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni ẹlòmíràn ti lè rà á. Àwọn náà ló ń sọ fún oníṣẹ́ àwọ̀ tí yóò tà àti àwòrán tí yóò jókòó sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn, bí a bá pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Kò sí nínú ìwé òfin, adájọ́ kan kò fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún un.

Ẹ̀tọ́ yẹn ṣubú ní ọdún 1994, àárín oṣù mẹ́ta sì ni nǹkan méjì tó bì í ṣubú fi ṣẹlẹ̀. Ní January ọdún náà, wọ́n gé iye owó sẹ́fà sí méjì: fráǹkì Faransé kan tí à ń fi àádọ́ta sẹ́fà rà tẹ́lẹ̀ di ọgọ́rùn-ún. Aṣọ Họ́láńdì di ohun tí òṣìṣẹ́ kò lè rà mọ́. Ní ọjọ́ 15 April, ní Marrakech, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn tó bí Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní ADPIC ní èdè Faransé sì wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ mú kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí Lomé ń pè ní Nanettes wá ọ̀nà Ṣáínà lọ, kí wọ́n lè rí aṣọ tí òṣìṣẹ́ lè rà. Èkejì ni òfin tí wọ́n yóò fi pè wọ́n ní olè nígbà tí wọ́n bá dé. Mo mọ̀ pé àwọn tó jókòó ní Marrakech kò mọ orúkọ Assigamé. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Àdéhùn Marrakech kò tilẹ̀ kánjú mú wa. Ó fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ọrọ̀ ajé wọn kéré jù lọ, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà lára wọn, ní àyè kí wọ́n tó fi gbogbo òfin náà ṣiṣẹ́. Wọ́n ti sún àyè náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì di July 2034 báyìí. Àwa fúnra wa la ti ilẹ̀kùn náà. Àjọ OAPI, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Yaoundé, ni ìlú wa méjèèjì ń bá rìn lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà Àdéhùn Bangui ti 1977. Nígbà tí wọ́n tún Àdéhùn náà ṣe ní February 1999, wọ́n mú un bá ADPIC mu, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, láìdúró de àyè tí wọ́n fún wa. A sáré gba àjàgà tí ẹni tó gbé e wá kò tíì ní ká gbé kọ́rùn. Ketu àti Mẹ̀kọ́ kò jìnnà síra, ọmọ ìyá ni wọ́n, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò sí nínú OAPI. Òfin tó ń ṣọ́ àwòrán aṣọ ń yí padà bí aṣọ bá ṣe ń kọjá ibodè.

Kí ni òfin yìí ń ṣọ́ gan-an? Ó ń ṣọ́ àwòrán. Ẹni tó bá fi àwòrán aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Yaoundé ní ọdún márùn-ún, ó lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kò sì lè kọjá ọdún 15. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣọ tí ìyá wa fẹ́ràn jù ti dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Fún ìwọ̀nyí, ohun tó kù fún ilé iṣẹ́ láti dì mú ni ẹ̀tọ́ òǹṣẹ̀dá, tó ń pẹ́ lẹ́yìn ikú ẹni tó yàwòrán, àti àmì ọjà, ìyẹn orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sí etí aṣọ. Ìdí nìyẹn tí etí aṣọ fi di pápá ogun. Ṣáínà náà kò yọ nínú ogun ọ̀hún: Hitarget, àmì ọjà ilẹ̀ wọn kan tí ọjà wa mọ̀ dáadáa, àwọn mìíràn ti ń tẹ ayédèrú rẹ̀. Àfarawé ti ní àfarawé tirẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àwọn alágbára ayé kò ka orúkọ sí, kó wo ẹjọ́ tí Amẹ́ríkà pe Ṣáínà níwájú Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé ní April 2007. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n jà lé lórí ni ohun tí àwọn aṣọ́bodè Ṣáínà ń ṣe sí ọjà ayédèrú tí wọ́n bá gbà: wọ́n lè yọ àmì olówó ọjà kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n sì lu ọjà náà ní gbàǹjo. Àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ náà dá a ní January 2009 pé yíyọ àmì nìkan kò tó, ó lòdì sí àdéhùn. Mo ka ibẹ̀, mo tún un kà. Nínú ilé ẹjọ́ tó ga jù fún ìṣòwò láyé, àwọn àgbàlagbà jókòó, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní bóyá ẹrù tí wọ́n ti bọ́ orúkọ lára rẹ̀ ṣì ń jẹ́ ẹrù olórúkọ. Orúkọ ṣe pàtàkì, nígbà tó bá jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́. Ìjọba nìkan ló sì lè pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyálọ́jà kò ní ẹnu ọ̀nà níbẹ̀.

Mo padà sí Six Bougies. Ẹni tó yàwòrán rẹ̀ ya bougie mẹ́fà, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Nọ́ńbà ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ nínú ìwé ilé iṣẹ́. Ọjà ló wò ó, tó ka bougie rẹ̀, tó sọ pé: ẹ́ńjìnnì tó ní bougie mẹ́fà kì í ṣe ti ọkọ̀ akúṣẹ̀ẹ́, obìnrin tó bá ró aṣọ yìí ń sọ pé òun lágbára láti gun irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe pé ọkọ ló rà á tàbí òun. Àwọn aláwàdà ní ìtumọ̀ mìíràn tí n kò ní kọ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní L’œil de ma rivale, ojú orogún mi. Ẹ wo Mon mari est capable, ọkọ mi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Tu sors, je sors, tí ó ní ẹyẹ tó ń jáde nínú àgò: bí o bá jáde, èmi náà á jáde. Obìnrin tí kò lè bá ọkọ rẹ̀ ja níwájú ìyá ọkọ lè ró ìyẹn lọ síbi ìsọmọlórúkọ, kò sì sí ẹni tí yóò ní ó sọ̀rọ̀. Àwa Yorùbá mọ iṣẹ́ yìí dunjú, àrokò ni. Ohun tí obìnrin ń rà nìyẹn. Bí a bá bọ́ orúkọ kúrò lára rẹ̀, aṣọ olódòdó àti ẹlẹ́yẹ ló kù, irú rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà bí iyanrìn.

Ibi tí mo fẹ́ bá ìwé Sylvanus jiyàn díẹ̀ nìyí. Kò fojú fo orúkọ aṣọ. Ó mọ̀ pé àwọn ìyálọ́jà ló ń sọ wọ́n, ó sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni iye wọn ti ń jáde. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà á lọ́kàn ni bí aṣọ ṣe rí lára àti bí ọwọ́ ṣe ń dá ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀dà. Ìyá mi ní Ouando kò fi ọwọ́ dá orúkọ mọ̀. Wọ́n mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ẹ̀dà, owó tí wọ́n pè fi hàn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n fún méjèèjì ní orúkọ kan náà láìṣẹ́jú. Ẹni tó tẹ ayédèrú ní Ṣáínà, nǹkan méjì ló mú: ó mú àwòrán Helmond, ó sì mú orúkọ Lomé. Orúkọ ni aṣọ rẹ̀ fi ń tà ní ọjọ́ tó wọ ọjà. Òfin ka ẹyọ kan péré lára ohun méjèèjì. Ará Helmond tó ń pariwo olè náà, ọ̀fẹ́ ni orúkọ fi bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì ń fi ìtàn àwọn orúkọ wọ̀nyí polówó ọjà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ta ilé iṣẹ́ náà fún Actis, àwọn olùdókòwò tí ibùjókòó wọn wà ní London, ní 2010, kì í ṣe ẹ̀rọ àti aró nìkan ni wọ́n díye lé. Okìkí wà níbẹ̀, obìnrin etíkun wa ló sì ṣe púpọ̀ nínú okìkí náà.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ṣé o fẹ́ kí ìyálọ́jà kan lọ fi orúkọ aṣọ sílẹ̀ ní Yaoundé, kí ẹlòmíràn máa sanwó kó tó pe Six Bougies? Rárá o. Orúkọ tí a bá tì mọ́lé kú. Mo tún gbọ́dọ̀ gbà pé ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń sọ aṣọ ní tirẹ̀. Aṣọ kan wà tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní Hirondelle, alápàáǹdẹ̀dẹ̀, nítorí ẹyẹ tó wà lára rẹ̀. Ní Gánà, ohun tí wọ́n sọ ọ́ túmọ̀ sí pé owó ní ìyẹ́. Àwòrán kan, ẹ̀rí ọkàn méjì. Ta ni kí a wá fún ní ìwé ẹ̀rí níbẹ̀? Ẹni tó bá ń wá ẹyọ olóhun kan yóò dá ìjà sílẹ̀ láàrin Lomé àti Abidjan, agbẹjọ́rò nìkan ni yóò sì jèrè rẹ̀.

Mo tún rí ibi tí ìtara òfin lè gbé ni dé. Ní 2010, ìjọba Gánà gbé ikọ̀ kan kalẹ̀ tó ń wọ ọjà láti gba aṣọ ayédèrú, wọ́n sì dáná sun ohun tí wọ́n gbà. Mo mọ ìdí rẹ̀: àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ilẹ̀ Gánà ń kú lọ, iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó wà ní ìdí ìsọ̀ ló ń wo iná náà, kì í ṣe ẹni tó tẹ aṣọ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ké ní Ìtokú, ní Abẹ́òkúta, pé àdìrẹ tí ẹ̀rọ Ṣáínà tẹ̀ ti gba ọjà lọ́wọ́ aládìrẹ. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà burú ju ti wa lọ, nítorí àwòrán, orúkọ àti iṣẹ́ ọwọ́ ló jẹ́ tiwọn, gbogbo rẹ̀ ló sì lọ pọ̀.

Ṣé kò wá sí ohun tí òfin lè ṣe ni? Ìlẹ̀kùn kan wà tó ṣí sílẹ̀. Àfikún keje Àdéhùn Bangui sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó pè ní folklore, òwe sì wà lára ohun tó kà mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pawó gbọ́dọ̀ san owó sí àpò àjọ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ òǹṣẹ̀dá; ní Bẹ̀nẹ̀, BUBEDRA ni, ní Tógò, BUTODRA. Kí ni ọ̀pọ̀ nínú orúkọ aṣọ wọ̀nyí bí kì í bá ṣe òwe tí ìlú pa? Ìyálọ́jà tó ń pe aṣọ ní orúkọ rẹ̀ kò ní san nǹkan kan, bí ẹni tó ń pa òwe nílé kì í ti í sanwó. Ilé iṣẹ́ tó bá tẹ orúkọ náà sára ìwé ìpolówó, ìbáà ṣe ní Helmond tàbí ní Ṣáínà, ni kó san án. Àwọn agbófinró yóò ní orúkọ kúrú jù, pé kò tó ohun tí òfin ń ṣọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ̀ òyìnbó ilẹ̀ Aláàdá, èyí tí wọ́n ń pè ní pain de sucre, ti ní ìwé ẹ̀rí OAPI láti 2021 pé ilẹ̀ yẹn ló ni orúkọ náà, ẹnikẹ́ni kò sì sọ pé orúkọ yẹn kúrú jù. A kò gbọ́dọ̀ dúró de Geneva. Láti ọdún 2000 ni àjọ OMPI ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ níbẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Àdéhùn tó jáde ní May 2024 sọ̀rọ̀ nípa ewéko, ẹranko àti ìmọ̀ tó so mọ́ wọn, ó fi orin, àwòrán àti ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa kò ju ìwé àti gègé lọ. Kí òfin tó lè bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà pé ọjà báyìí ló sọ aṣọ báyìí ní báyìí, ní ọdún báyìí, kí ilé iṣẹ́ tó gbé e sínú ìpolówó. Ẹ̀rí yẹn wà lórí àwọn ìyá wa ní Ouando, ní Dantokpa, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Atakpamé, wọ́n sì ń darúgbó. Lomé ni ìwé Sylvanus dúró sí, kò sì sí ẹ̀bi níbẹ̀, iṣẹ́ ẹnìkan kì í kárí ayé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ orúkọ tí aṣọ kan náà ń jẹ́ bó bá dé ọjà Ketu, àti obìnrin tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, yóò ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá lè ṣe é láàrin ìsinmi kan.

Mo ra Six Bougies ti Ṣáínà. Owó tó wà lápò mi ló bá mi yàn án. Bí mo ti fẹ́ máa lọ, mo rí ìdì tuntun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ìyá náà, àwòrán rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí okùn tó lọ́ mọ́ra, pupa lórí àwọ̀ aró. Mo ní, “Ìyá, èyí ńkọ́? Kí ni ó ń jẹ́?”

“Kò tíì jẹ́ nǹkan kan. Àná ló dé,” ni wọ́n wí, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn díẹ̀ kí eruku má bà á. “Jẹ́ kó pé ọjọ́ mẹ́jọ ná.”